Ìjẹ́rìí Tí O Ní Kí N Kọ Síwájú Ìwé Rẹ

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Òkè Ilé Oníbúrẹ́dì,
                                        Òpópónà Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Má jẹ́ kí 'ọ̀wọ́n' tí mo kọ sókè yẹn tàn ọ́ jẹ. Irú ọ̀wọ́n tí mo ní lọ́kàn ni èyí tó máa ń bá epo àti iyọ̀ nígbà tí wọn kò bá sí lọ́jà mọ́. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọ ti wọ́n gógó. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ìgbà tí n bá sì fi máa kọ ọ́ tán, n kò mọ̀ bóyá nǹkan kan á kù.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Mo mọ̀ pé yóò le, nítorí ẹni tí kì í ronú kó tó sọ̀rọ̀, kí ni yóò máa rẹ̀ ẹ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọlúàbí obìnrin tí Ọlọ́run fi sùúrù jíǹkí nítorí ó mọ ilé tó ń lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí wọ́n gba ti ìyá wọn. Ìyá Kékeré tó bí ọ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o má tètè dìde, torí ìgbà tí o bá dojú bolẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ máa ń sinmi. Ní tèmi, mo wà láàyè. Ẹsẹ̀ mi ló tutù.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tí o fẹ́ gbé lọ fún òǹtẹ̀wé. O pè é ní 'Fi Fáwẹ̀lì Kan Kún Un: Sípáníìṣì Láìsí Wàhálà'. O ní kí n kọ ìjẹ́rìí kúkúrú síwájú rẹ̀, ní Sípáníìṣì, kí ayé lè mọ̀ pé ọgbọ́n rẹ ti ṣiṣẹ́ lára ẹnìkan. O ní o ti fi fọ́tò mi sẹ́yìn ìwé náà, èyí tí mo wọ aṣọ iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìfọṣọ sì wà lọ́rùn mi. Mo rí ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé ọgbọ́n rẹ ló sọ mí di ọ̀gá pátápátá níbi iṣẹ́ mi. Mo tún un kà kó lè dá mi lójú pé ojú mi kọ́ ló ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bú ọ títí ẹni tó ń gbé yàrá kejì fi ń gbá ògiri.

Kì í ṣe lásán ni gbogbo ilé fi ń pè ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Láti kékeré rẹ, ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu láti kọ́ ọ ní nǹkan, èsì kan náà lo máa ń fún un. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, o ní o ti mọ̀, o bẹ́ sómi. Ìgbà tí bàbá mi fi máa wọ́ ọ jáde, ikùn rẹ ti wú rọ̀gọ̀dọ̀. Bí o ṣe pọ omi tán, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni pé ṣe lo fẹ́ wo ìsàlẹ̀ odò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. À bá mọ̀ kí á nà ọ́.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló ṣe tí mo fi gbà ọ́ gbọ́, ọkọ̀ ojú omi ni mo máa sọ. O ti dáná nínú ọkọ̀ ojú omi rí, o sì bá àwọn atukọ̀ tó ń sọ Sípáníìṣì gbé. Ta ni kò ní rò pé èdè náà á ti kàn ọ́ lára bí èéfín iná? Nígbà tí ìrìnàjò mi síbi tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì pọn dandan, o wá jókòó sórí àga bàbá mi, o gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, o ní Sípáníìṣì kò le rárá. O ní òun àti Yorùbá, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, pé àwọn méjèèjì kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí láìsí fáwẹ̀lì nídìí. O ní bí àwọn baba wa ṣe gba 'bread' lọ́wọ́ òyìnbó, tí wọ́n fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn tó di búrẹ́dì, tí wọ́n gba 'table' tó di tábìlì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Sípáníìṣì ṣe gba tiwọn. Kí n ṣáà mú Gẹ̀ẹ́sì mi, kí n fi 'o' tàbí 'a' dè é nídìí, kí n sì máa lọ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ṣé òun ló máa wá jẹ́ ìṣòro mi? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo tiẹ̀ súre fún ọ. Mo fẹ́ gba ìre náà padà báyìí.

Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní òkè. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wà, tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn àti tówẹ̀lì àwọn ilé ìtura. Omi kì í gbẹ nílẹ̀ ibẹ̀. Bàtà rọ́bà ni à ń wọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òógùn àti omi á sì pàdé nínú rẹ̀. Òkè ni wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, àga sì wà tí èèyàn lè fìdí lé.

Bí mo ṣe dé, mo fẹ́ okùn tí n óò fi di ẹrù aṣọ. Mo mú 'rope', mo fi 'a' kún un bí tíṣà mi ṣe wí. Obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì tó bá já, tí gbogbo wa ń pè ní Aránbọ́tìnnì, gbé aṣọ kan fún mi. Mo mi orí, mo ní ropa. Ó gbé òmíràn lé e. Mo tún ní ropa, mo wá gbé ohùn sókè, ni obìnrin bá ń kó aṣọ lé mi lọ́wọ́ títí n kò fi rí iwájú mọ́. Aṣọ ni ropa. Mo lọ sílé ìtajà, mo béèrè sopa, mo ń fi ọwọ́ ra apá mi kó lè yé olùtajà pé ọṣẹ ìwẹ̀ ni mo ń wá. Ó wò mí láti orí délẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ inú agolo fún mi, ó sì rọra ti ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, tí gbogbo ayé ń sá, èmi dúró láàárín ilé, mò ń wá 'exit', mò ń ké éxito, éxito. Àṣeyọrí ni éxito. Iná ń bọ̀, èmi ń bi wọ́n pé níbo ni àṣeyọrí wà. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi ọwọ́ júwe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọ̀gá wa tó wà níta.

Mo fi gbogbo ìyẹn rẹ́rìn-ín. Mo ròyìn wọn fún ọ lórí fóònù kí ìwọ náà lè rẹ́rìn-ín, o sì ní ohùn tí mo fi pe fáwẹ̀lì náà ni kò dáa tó. Ó yẹ kí n ti mọ irú ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Opó ni ọ̀gá wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló dá ilé ìfọṣọ náà sílẹ̀ kí ọkọ tó kú. Kì í pariwo, kì í jágbe mọ́ èèyàn. Aṣọ ibùsùn kan wà tí etí rẹ̀ ní rọ́bà yíká, tí n kò mọ bí ọmọ aráyé ṣe ń ká a. Obìnrin yìí fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró tì mí, ó di ọwọ́ mi mú sí igun aṣọ náà, a jọ ká a, a tú u, a tún un ká, títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi pé kí n máa ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ìlú onílùú ló mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti wò ọ́, ó sì ti fọkàn tán ọ. Mo fi ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé kí inú yín lè dùn. Fọ́tò tí o lẹ̀ mọ́ irọ́ rẹ nìyẹn.

Bàbá tó jẹ́ olórí iṣẹ́ òkè wá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá kó wa jọ, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ipò náà kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó gbé e sórí tábìlì òun. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú mi ló ń wò. Gbogbo wa la rí i. Aránbọ́tìnnì tiẹ̀ fi ìgúnpá gún mi. Ẹsẹ̀ mi sì ti ń wú nígbà yẹn, dókítà ti ní tí n kò bá jáde kúrò nínú omi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n kò ní lè fi wọ bàtà kankan. Ìdí tí mo fi fẹ́ iṣẹ́ yẹn nìyẹn. N kò wá ipò, ilẹ̀ gbígbẹ ni mò ń wá.

N kò fẹ́ fi Sípáníìṣì jákujàku mi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ni mo bá pè ọ́. Mo ní kí o bá mi tọrọ iṣẹ́ òkè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, kí o sì fi ọ̀wọ̀ sí i. Ibi tí ọ̀wọ̀ yẹn gbà wọlé ni ibi gbà wọlé. O ní 'ask' fúyẹ́ jù, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, pé bí a kò ṣe ń fi 'ìwọ' pe àgbà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi 'ask' béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá. O ní béèrè tó wúwo là ń wá, béèrè tó wọ agbádá, 'demand' sì ni. Mo sọ fún ọ. Má sọ pé n kò sọ fún ọ. Mo ní 'demand' le, pé ẹni tó bá fi bá mi sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, n óò wò ó lójú. O ní ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, pé tó bá ti gba fáwẹ̀lì tán, á rọ̀. O ní lójú omi, o gbọ́ ọ létí ara rẹ. O pè é, mo kọ ọ́: 'Señora, con respeto, yo la demando por la posición de arriba.' Mo fi ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó kọ ọ́, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀ kí n tó lọ sílé.

Ọjọ́ kejì, ọ̀gá kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Lọ́sàn-án, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan jókòó tì í, ó de táì, ó gbé báàgì lé orí itan. Lẹ́tà mi wà láàárín tábìlì, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀gá na ọwọ́ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ni èmi náà bá na tèmi, mò ń rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ ló ń béèrè. Mo bọ́ ọ kúrò lọ́rùn, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé ti òkè ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn fún mi pé kí n máa lọ. Tí mo bá rántí ẹ̀rín tí mo rín nínú yàrá yẹn, ojú á tún máa tì mí, inú á tún máa bí mi, ìwọ gan-an ni inú sì máa ń bí mi sí.

Aránbọ́tìnnì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó fà mí sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ní, "Kí ni obìnrin yìí ṣe fún ọ tó o fi fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù?"

Mo ní kóòtù báwo.

Ó ní, "Ìwé tó o kọ. O ní o pè é lẹ́jọ́ torí iṣẹ́ òkè. O tiẹ̀ ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

Mo-ti-mọ̀, demandar kì í ṣe béèrè. Kò sún mọ́ béèrè. Kí èèyàn pe ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú adájọ́ ni. Ọkùnrin onítáì yẹn, lọ́yà rẹ̀ ni. Obìnrin tó di ọwọ́ mi mú sí igun aṣọ, ohun tí o ní kí n kọ sí i ni pé, ẹ jọ̀ọ́ Màmá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ti pè yín lẹ́jọ́. Aránbọ́tìnnì ní láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, òun kò tíì rí ẹni tó fi ẹ̀kọ́ ilé pe èèyàn lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo fẹ́ sáré padà wọlé lọ bẹ ọ̀gá, lọ́yà sì ti ní kó má dá bá mi sọ̀rọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó gbà kí n wọlé, pẹ̀lú Aránbọ́tìnnì tó ń túmọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti fọ́, mo wá ń fọwọ́ kó o nílẹ̀ lójú oníǹkan. A ṣàlàyé. Ó gbọ́ wa dópin. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti pe lọ́yà, mo ti sunkún, mo sì ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Èwo lo fẹ́ kí n kó padà nínú wọn?"

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì tún ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà.

Ẹni tí wọ́n gbé e fún ni obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tí kò lè ká aṣọ onírọ́bà yẹn bí ayé bá ń parẹ́. Àràárọ̀ ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ mi kọjá níwájú mi. Èmi wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ẹlòmíràn ló ń rán sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dúró níbi tí ó ti lè nawọ́ kàn mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni. Ìwọ lo da omi, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí gan-an, àbúrò mi. Ti iṣẹ́ dùn mí, ti ẹsẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n pé obìnrin yẹn jókòó nínú ilé rẹ̀ tó ń sunkún nítorí pé ó rò pé mo dalẹ̀ òun, èyí ló dùn mí jù.

Mo pè ọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ṣé o rántí ohun tí o wí? O rẹ́rìn-ín. O ní àwọn ará ibí kò gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa. Mo ní ibí ni wọ́n bí obìnrin náà sí, ibí ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ sí, wọn kò sọ èdè mìíràn rí. O ní ìyẹn gan-an ló ń ṣe wọ́n, wọn kò rìnrìnàjò. Mo wá bi ọ́ léèrè pé tí Sípáníìṣì kì í bá fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kí ló dé tí español, tí í ṣe orúkọ èdè náà fúnra rẹ̀, fi 'l' parí? O ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Mo rò pé ìtìjú á mú ọ dákẹ́ títí láé. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti ilé. Wọ́n ń pè mí ní Màdáámù, wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ wọn wáṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí mo ti jẹ́ ọ̀gá. Mo ní ta ló sọ fún wọn? Wọ́n ní o ti dá kíláàsì Sípáníìṣì sílẹ̀, o sì ti lẹ fọ́tò mi mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo dúró nínú bàtà rọ́bà, omi dé mi lọ́rùn ẹsẹ̀, mò ń ṣàlàyé fún ìyá oníyàá pé n kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní ṣé n kò fẹ́ kí ọmọ òun náà là ni. O ti bà mí lórúkọ jẹ́ níbí, o tún bà á jẹ́ nílé.

Wàyí o, mo ṣí ìwé rẹ sí lẹ́tà D. Mo ní bóyá, bóyá o ti yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀: 'demandar, béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀'. O kò yọ ọ́, o tún fi 'tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀' bù kún un. Ropa ṣì jẹ́ okùn, sopa ṣì jẹ́ ọṣẹ. O ní obìnrin tí ojú bá tì, kó sọ pé òun jẹ́ embarazada. Olóyún ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mo-ti-mọ̀. Ọmọge tó bá ṣàṣìṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ á dìde dúró, á kéde oyún tí kò ní. Ẹni tí kò lè yàgbẹ́ ni o pè ní constipado. Ọ̀fìnkìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. O sì kọ lẹ́tà sí mi pé kíláàsì rẹ kún, pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ wá tọ́jú arúgbó. Arúgbó á máa rojọ́ ibi tó ń dùn ún, ọmọ tí o kọ́ á máa yọ fáwẹ̀lì kúrò nídìí ọ̀rọ̀, á máa gbé oògùn tí kò kan ọ̀ràn. Èmi pàdánù ilẹ̀ gbígbẹ. Kí ni àwọn wọ̀nyẹn á pàdánù?

N kò bínú pé o kò gbọ́ Sípáníìṣì. Èmi náà kò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ Aránbọ́tìnnì ni mò ń jókòó sí báyìí tí a bá ti simi iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan nǹkan, ó ń pe orúkọ rẹ̀, èmi náà á pè é, tí mo bá ṣì í pè á gbá mi lọ́wọ́. Mo ń bi í léèrè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, wọ́n ní. Ìwọ tí o ń kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń pe 'béèrè', o kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀dá alààyè rí.

Ìyá Kékeré ti pè mí. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kí wọ́n ṣe sùúrù, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì wà nínú omi ọṣẹ.

Ní ti ìjẹ́rìí tí o béèrè, mo ti kọ ọ́. Ẹnìkan kò ní sọ pé àbúrò mi bẹ̀ mí níṣẹ́, mo kọ̀. Gbólóhùn kan péré ni, Aránbọ́tìnnì ti yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Òun nìyí:

No compre este libro.

Mo mọ ohun tí ojú rẹ ti bá pàdé níbẹ̀. O ti rí 'compare', inú rẹ sì ti ń dùn pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní kò sí ìwé tí a lè fi wé tìrẹ. Gbogbo ọlọ́jà tó wà lójú pópó yìí ni ọ̀rọ̀ kejì yẹn wà lẹ́nu wọn, òun ni wọ́n fi ń bẹ èèyàn pé kó dúró kó tú àpò. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣíwájú rẹ̀, 'no' ti Sípáníìṣì kò sì yàtọ̀ sí 'no' tí ìwọ àti èmi mọ̀. Gbé e síwájú ìwé rẹ bó ṣe wà. Má yí i padà, má sì fi fáwẹ̀lì kankan kún un.

Bá mi kí Ìyá Kékeré. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá fi fóònù gbọ́ ìwé kíkà wọn. Bá mi kí ìyàwó rẹ ju gbogbo wọn lọ, nítorí òun ni mo fi ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn pamọ́ sí lọ́wọ́. Mo kà á fún un lórí fóònù, mo túmọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n o ní láti kọ́kọ́ dúró níwájú òun, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé rẹ, òun kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ rí. O kọ sí mi pé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé kò jìnnà sílé. Ìyàwó rẹ tún sún mọ́ ọ jù ú lọ. Ọ̀dọ̀ èwo lo máa kọ́kọ́ lọ?

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì dárí jì ọ́,
                                        Àǹtí Tíṣà.